Itẹ́ Òkú Kì Í Ṣe Ìlú

Ní Ouagadougou, olú ìlú orílẹ̀-èdè Burkina Faso, yunifásítì kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1974. Láti ọdún 2015 ni a ti ń fi orúkọ Joseph Ki-Zerbo pè é. Òpìtàn ni Ki-Zerbo. Ìlú Toma ni a bí i sí ní ọdún 1922, Ouagadougou ni ó sì kú sí ní ọdún 2006. Òun ni olóòtú ìwé kìíní nínú ọ̀wọ́ ìwé ìtàn Áfíríkà tí àjọ UNESCO ṣe, èyí tí ó jáde ní ọdún 1981. Ẹ̀kọ́ ńlá kan wà nínú ìwé náà: pé ìlú tí kò kọ ìwé kì í ṣe ìlú tí kò ní ìtàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní láti fetí sí ẹnu àwọn àgbà, kí ó yẹ èdè wọn wò, kí ó sì hú ohun tí ilẹ̀ pa mọ́ jáde.

Nínú gbogbo ohun tí ilẹ̀ pa mọ́, kò sí ẹlẹ́rìí tí ó sún mọ́ ènìyàn ju eegun rẹ̀ lọ. Ìkòkò lè ti ọjà wá, ìlẹ̀kẹ̀ lè ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n eegun ni ẹni náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn bá kan itẹ́ òkú àtijọ́, ìbéèrè kan a máa yára dé ẹnu gbogbo ènìyàn: kí ni ó pa àwọn wọ̀nyí? Ṣé àìsàn àti ogbó ni, tàbí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ wọn?

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ti ń gbà dáhùn ìbéèrè yìí ní ti Áfíríkà láìdúró de ẹ̀rí. Àwọn kan ní ogun àjàkú-akátá ni gbogbo ayé àwọn baba ńlá wa. Ní ọdún 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, sọ ní gbangba pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìtàn Áfíríkà kan láti kọ́ni bí kò ṣe ìtàn àwọn òyìnbó tí ó wá síbẹ̀. Ní tirẹ̀, ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà tí kò ní láárí ni ìyókù. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà kejì. Wọ́n ní àlàáfíà ni gbogbo rẹ̀, àfi ìgbà tí àjèjì kó idà wá. Àti àwọn ti ìṣáájú, àti àwọn ti ìkẹyìn, wọ́n ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Burkina Faso. Láti ọdún 2015 ni àwọn agbébọn ti ń kọlu àríwá àti ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹta ọdún 2023, iye àwọn tí ìjọba kà pé ó ti sá fi ilé wọn sílẹ̀ ti ju 2,000,000 lọ, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé bí ilẹ̀ náà ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, pé ìpànìyàn ni àṣà àwọn baba rẹ̀, ti gbé ẹrù tí ó wúwo lé e lórí. Olùkọ́ tí ó bá sì sọ fún un pé àwọn baba rẹ̀ kò mọ ìjà rí, irọ́ ni ó fi ń tù ú nínú, ọmọ náà yóò sì mọ̀ bí ó bá dàgbà. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu eegun. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí eegun ti ń jẹ́rìí.

Ní ìpẹ̀kun àríwá ìlà-oòrùn Burkina Faso, ní agbègbè Oudalan, adágún omi kan wà tí à ń pè ní Kissi. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì walẹ̀ níbẹ̀, Sonja Magnavita sì kọ ìwé ńlá lórí ohun tí wọ́n rí. Wọ́n kan àwọn itẹ́ òkú tí ó ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi. A sin àwọn òkú náà pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀, pẹ̀lú ohun ọ̀ṣọ́ bàbà àti idẹ, pẹ̀lú aṣọ, àti pẹ̀lú ohun ìjà tí a fi irin rọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé díẹ̀ nínú idẹ àti dígí náà ti òdìkejì aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Èyí já sí pé àwọn ará Kissi ti wà nínú òwò ọ̀nà jíjìn kí àwọn Lárúbáwá tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé nípa òwò náà.

Ẹni tí ó bá rí ohun ìjà nínú ibojì lè ké pé, ẹ wá wo ìlú àwọn jagunjagun! Ṣùgbọ́n irin tí a tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkú kì í ṣe irin tí ó pa á. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣípà fún un, wọn a sì gbé díẹ̀ nínú ohun èlò ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó. Bí ẹnìkan bá bá orí ọfà níbẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, tí ó sì wí pé ogun ni ó pa ọdẹ náà, a ó rẹ́rìn-ín sí i. Irú rẹ̀ wà ní Gobero, ní orílẹ̀-èdè Niger tí ó bá Burkina Faso pààlà. Nǹkan bí 200 ibojì ni ẹgbẹ́ Paul Sereno rí níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Nínú ọ̀kan, tí ó ti tó nǹkan bí 5,300 ọdún, obìnrin kan àti ọmọ méjì jọ dùbúlẹ̀, ọwọ́ wọn sì wà nínú ara wọn. Orí ọfà wà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára eegun wọn.

Bí ohun ìjà kò bá tó láti fi mọ̀ pé ìjà wà, ǹjẹ́ àìsí ọgbẹ́ tó láti fi mọ̀ pé àlàáfíà wà? Rárá o. Ohun tí ó fà á ni pé itẹ́ òkú kì í ṣe ìlú. Bí a bá ka àwọn tí ó wà nínú itẹ́ òkú, a kò tíì ka àwọn tí ó gbé inú ìlú. Asẹ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín méjèèjì, ohun tí ó bá sì gba inú asẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá nìkan ni ó ń dé ọwọ́ òpìtàn.

Asẹ́ kìíní ni àṣà. Nílẹ̀ Yorùbá nígbà àtijọ́, inú ilé ni a ń sin àgbà sí. A kì í sin àbíkú bí a ti ń sin àgbà. Aboyún tí ó kú toyún-toyún, abuké, adẹ́tẹ̀, ẹni tí Ṣàngó pa: olúkúlùkù wọn ni ó ní àwọn tí ń ṣe ètùtù rẹ̀ àti ibi tí à ń sin ín sí, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ inú igbó. Ẹni tí ó kú sójú ogun lọ́nà jíjìn, ibi tí ó ṣubú sí ni ilẹ̀ ti ń gbà á. Awalẹ̀pìtàn tí ó bá walẹ̀ nínú ilé nìkan yóò rò pé kìkì àgbà ni ó ń gbé ìlú náà, pé ọmọdé kì í kú níbẹ̀, àti pé ogun kò dé ibẹ̀ rí.

Asẹ́ kejì ni ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà a máa jẹ eegun, eegun ọmọ ọwọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ń jẹ nítorí pé ó rọ̀. Ní Iwo Eleru nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní ọdún 1965, òkúta gbígbẹ́ tí àwọn ará àtijọ́ fi ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n òkú ènìyàn kan ṣoṣo, tí ó ti lé ní 11,000 ọdún, ni ihò àpáta náà fi lé e lọ́wọ́.

Asẹ́ kẹta ni ara ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ tí ń pani ni ó ń dé eegun. Ọfà tí ó wọ ikùn, okùn tí ó fún ọrùn, oró tí ó gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé, gbogbo wọn lè pani láìfi àmì kan sí eegun. Asẹ́ kẹrin ni ọkọ́ awalẹ̀pìtàn fúnra rẹ̀. Owó kì í tó, àkókò kì í tó, apá kan itẹ́ òkú ni ó sì sábà máa ń hú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Ní ọdún 1982, àwọn ará Faransé méjì, Jean-Pierre Bocquet-Appel àti Claude Masset, kọ̀wé pé ó tó àkókò láti dágbére fún ìgbìyànjú láti fi eegun mọ bí àwọn ará àtijọ́ ti ń bí tí wọ́n sì ń kú. Ní ọdún 1992, James Wood àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òmíràn kún un. Wọ́n ní àpá tí ó ti jinná lára eegun ń sọ fún wa pé ẹni náà yè é. Eegun tí ó mọ́ tónítóní sì lè jẹ́ ti ẹni tí ó kú kíákíá kí eegun rẹ̀ tó ráyè fi àmì hàn. Nítorí náà, ẹni tí a rò pé ó jìyà lè jẹ́ ẹni tí ó lágbára, ẹni tí a sì rò pé ara rẹ̀ le lè jẹ́ aláìlera.

Ibí yìí ni kọ̀ǹpútà ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ọgbọ́n tí a ń lò kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1940, ní Los Alamos ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Stanislaw Ulam àti John von Neumann rí i pé bí ìṣirò kan bá le jù, a lè jẹ́ kí ẹ̀rọ gbìyànjú orí-ire àti orí-burúkú ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, kí a sì ka bí ó ti ń bọ́ sí. Orúkọ Monte Carlo, ìlú tí ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ lókìkí, ni wọ́n fi pe ọ̀nà náà. Àwọn tí ń wádìí ìtàn a máa fi irú ọgbọ́n yìí kọ́ ìlú àfarawé sínú kọ̀ǹpútà. Wọn a sọ fún un iye ènìyàn tí ó wà nílùú, ọjọ́ orí wọn, bí wọ́n ti ń bímọ, bí àìsàn ti ń pa wọ́n, àti bí ìjà ti ń pa wọ́n. Lọ́dọọdún, bí ẹni ń da owó ẹyọ ni ẹ̀rọ náà ń ṣe fún olúkúlùkù. Ẹni tí ó yè wọ ọdún tuntun. Ẹni tí ó kú, a gbé e gba inú asẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọdún àfarawé bá ti kọjá, a wo ohun tí ó kù nínú itẹ́ òkú. Lẹ́yìn náà a tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ìgbà 1,000, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi mọ ohun tí ó jẹ́ ìṣe àti ohun tí ó jẹ́ èèṣì.

Olùkọ́ lè fi ọmọ ayò ṣe irú rẹ̀ nínú kíláàsì láìní kọ̀ǹpútà. Kí a sọ pé ìlú kan sin 200 ènìyàn, tí ó sì jẹ́ pé ìjà ni ó pa 20 nínú wọn. Kí a sọ pé ọgbẹ́ dé eegun lára ẹnìkan nínú 3. Pé ilẹ̀ dá eegun ẹnìkan sí nínú 2. Pé awalẹ̀pìtàn hú ìdá kan nínú 4 itẹ́ òkú náà. Bí a bá sọ 3 di púpọ̀ ní ọ̀nà 2, tí a sì tún sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 4, 24 ni. Nítorí náà, nínú ènìyàn 24 tí a pa, ẹnìkan ni a lè retí pé kí ó dé ọwọ́ awalẹ̀pìtàn pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Kí olùkọ́ mú ọmọ ayò 24, èyí tí í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kan ọpọ́n; kí ó fi ẹfun sàmì sí ọ̀kan, kí ó sì kó wọn sínú àpò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ẹyọ kan láìwò, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó dá a padà, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 20 nítorí àwọn 20 tí a pa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 40 bá ṣe é, a lè retí pé nǹkan bí 17 nínú wọn kò ní rí ọmọ ayò ẹlẹ́fun náà rárá. Bí a bá ṣe é ní ìgbà 1,000, nǹkan bí 427 ni yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú ìlú àpẹẹrẹ yìí, ẹnìkan nínú 10 ni a fi ọwọ́ pa. Síbẹ̀, ní ìgbà tí ó lé ní 4 nínú 10, awalẹ̀pìtàn yóò hú nǹkan bí eegun 25 láìrí ojú ọgbẹ́ kankan, yóò sì padà sílé láti ròyìn ìlú alálàáfíà. Ní ìgbà mìíràn, èèṣì lè jẹ́ kí ó rí ènìyàn 3 tí ó lọ́gbẹ́ nínú ìwọ̀nba 25 náà, kí ó sì ròyìn ìlú ẹlẹ́jẹ̀. Ìlú kan náà ni. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń fún wa kì í ṣe èsì kan, bí kò ṣe gbogbo èsì tí ó lè jáde láti inú òtítọ́ kan náà, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wọ́pọ̀ tó.

Ọjọ́ orí àwọn òkú pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ikú ojoojúmọ́ a máa mú ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Àwọn géńdé tí ó ń mú kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpakúpa bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí ìlú ti wà láàyè ni yóò ṣe dùbúlẹ̀: ìyá, géńdé, àti ọmọ tí ń sáré kiri. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe irú ikú méjèèjì ní àfarawé ní ohun tí yóò fi itẹ́ òkú gidi wé. Ní Talheim ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí ó ti tó nǹkan bí 7,000 ọdún, ènìyàn 34 ni a dà sínú kòtò kan, 16 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, a sì fi ohun èlò òkúta fọ́ ọ̀pọ̀ wọn lórí. Ìpakúpa ọjọ́ kan ni èyí. Ti Jebel Sahaba lẹ́bàá odò Náílì ní ilẹ̀ Sudan yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ Fred Wendorf hú ènìyàn 61 níbẹ̀, tí ó ti lé ní 13,000 ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ogun ńlá kan ni ó pa wọ́n. Nígbà tí Isabelle Crevecoeur àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún eegun náà yẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 2021, wọ́n rí ọgbẹ́ lára ènìyàn 41. Ṣùgbọ́n àwọn ọgbẹ́ kan ti jinná kí àwọn tí ó ni wọ́n tó kú. Ìjà tí ń lọ tí ń bọ̀ ni, kì í ṣe ogun ọjọ́ kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré: ogun ọjọ́ kan jẹ́ àjálù, ṣùgbọ́n ìjà tí ń padà wá ní ohun tí ń dá a padà, ohun náà sì ni ó yẹ kí òpìtàn wá rí.

Wíwá irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria, gbájú mọ́. Ní ọdún 2023, Dániel Kondor, Peter Turchin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yúróòpù. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé iye àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí a máa pọ̀ sí i títí, kí ó tó ṣàdédé wálẹ̀. Àwọn kan sì gbé ẹ̀bi náà ka orí ojú ọjọ́. Wọ́n kọ́ àwọn abúlé àfarawé sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n fi ojú ọjọ́ nìkan sí i, ohun tí ó jáde kò jọ ti ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìjà abúlé sí abúlé kún un, ìgòkè àti ìṣubú náà jọ ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ kọ̀ǹpútà di babaláwo. Ohun tí a bá fi sínú rẹ̀ ni yóò lọ̀ fún wa. Jíjọ kì í sì í ṣe jíjẹ́: ìlú àfarawé lè jọ ìlú gidi nítorí ìdí mìíràn. Nígbà mìíràn, ibi tí kò ti jọ ọ́ gan-an ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Ní ọdún 2002, Robert Axtell, Joshua Epstein àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé àfarawé kan jáde lórí Long House Valley ní Arizona, níbi tí àwọn àgbẹ̀ àgbàdo gbé nígbà àtijọ́. Ẹ̀rọ náà tẹ̀lé ìtàn wọn dáadáa títí ó fi dé nǹkan bí ọdún 1300. Ní tirẹ̀, ilẹ̀ náà ṣì lè bọ́ àwọn díẹ̀. Ní òtítọ́, gbogbo wọn ni ó kó lọ. Àṣìṣe yẹn ni ó kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé pé ebi nìkan kò tó ìdí, pé nǹkan mìíràn wà nínú ọkàn àwọn ènìyàn náà tí ó gbé wọn dìde.

Bí a bá gbé ọgbọ́n yìí padà wá sí Burkina Faso, ó fún itàn àtẹnudẹ́nu àti ilẹ̀ ní àyè láti jókòó pọ̀. Àwọn akígbe ààfin Mossi a máa ròyìn àwọn ẹlẹ́ṣin tí ó ti ìhà Gambaga wá, ìrandíran Yennenga, àti bí wọ́n ṣe tẹ ìjọba dó. Ogun kún inú ìtàn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ogun ni ó ń sọ ọba di ọba. Ilẹ̀ a máa ròyìn ohun mìíràn. Ní Douroula, ènìyàn ti ń yọ́ irin láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ibẹ̀ sì wà lára àwọn ibi ìyọ́rin àtijọ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún ayé ní ọdún 2019. Irin tí a fi rọ idà ni a fi rọ ọkọ́. Ẹni tí ó gbọ́ tààfin nìkan yóò rí idà. Ẹni tí ó gbọ́ ti àgbẹ̀dẹ nìkan yóò rí ọkọ́. Ìlú tí ó wà nígbà náà ní méjèèjì.

Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn itẹ́ òkú àtijọ́ bá dé inú kíláàsì, kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ láti béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní: ta ni a sin síbí, ta ni a kò sì sin síbí? Èkejì: kí ni ilẹ̀ ti jẹ, kí sì ni ọkọ́ kò tíì kàn? Ẹ̀kẹta: bí a bá tún un ṣe ní ìgbà 1,000, ìgbà mélòó ni a ó rí irú ohun tí a rí yìí? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí kò ní gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé ẹ̀jẹ̀ ìpànìyàn ni ó wà lára òun, kò sì ní nílò irọ́ kankan kí ó tó lè gbé orí sókè. Yóò mọ̀ pé àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ bá ara wọn jà nígbà mìíràn, wọ́n sì parí ìjà nígbà mìíràn, bí ebi, òwò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìmọ̀ràn wọn ti rí. Ohun tí ó bá sì ní ìdí ni ènìyàn lè wá àtúnṣe sí.